Abéèrè Kì Í Ṣìnà

Ètò Java kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa kà: èyí tó ń gba dátà lọ́wọ́ server GitHub. Ọgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ hàn nínú ohun tí kò jẹ́ kí ètò náà mọ̀.

Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, https://api.github.com. Bó bá kan ilẹ̀kùn yẹn, GitHub á kó àwọn àdírẹ́sì mìíràn lé e lọ́wọ́, tòun ti orúkọ wọn. Orúkọ yìí nìkan ni kóòdù náà dì mú. Bí èsì bá pọ̀ ju ojú ewé kan lọ, ẹni tó ń kánjú á máa fi nọ́ńbà kún àdírẹ́sì fúnra rẹ̀: page=2, page=3. Ọ̀gá tó kọ ètò yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo àkójọ GitHub ló ń lo nọ́ńbà ojú ewé. Hẹ́dà Link tó bá èsì wá ni ètò rẹ̀ máa ń kà. Á wá èyí tí wọ́n pè ní "next", á sì tẹ̀ lé e. Tí "next" bá tán, iṣẹ́ tán. Ohun tí Roy Fielding là sílẹ̀ gan-an nìyí nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì California, Irvine, lọ́dún 2000: líǹkì tí server bá fi ránṣẹ́ ni kí client máa tọ̀.

Ẹ wo kíláàsì tó ń gba JSON. Àlàyé tí GitHub ń kó wá pọ̀ jọjọ. Mẹ́ta tó wúlò nìkan ló mú. Lórí rẹ̀ ló kọ @JsonIgnoreProperties(ignoreUnknown = true) sí. Láìsí ìyẹn, Jackson 2, ohun èlò tó ń sọ JSON di nǹkan Java, kò ní gba èsì náà rárá, nítorí àwọn àlàyé yòókù tí kíláàsì náà kò mọ̀.

HttpClient tó bá Java 11 dé lọ́dún 2018 ni ètò náà fi ń kàn sí server. Kì í tẹ̀ lé àdírẹ́sì tó ti ṣí kúrò, àfi tí a bá sọ fún un. Ọ̀gá ti fi Redirect.NORMAL sí i, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá yí orúkọ repository rẹ̀ padà lórí GitHub, ètò náà á bá a débi tó lọ, ṣùgbọ́n kò ní gbà láti kúrò lórí https bọ́ sórí http.

Ìwọ tó ń kọ Java, wá gbogbo ibi tí o ti fọwọ́ ara rẹ so àdírẹ́sì pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí server ti fún ọ ní líǹkì náà tẹ́lẹ̀.