Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Lábẹ́ Fọ́tò Béárì?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ fọ́tò ni mo gbé wá lónìí, orí ẹjọ́ ara mi ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fún kíláàsì mi ní iṣẹ́ kan: kí oníkálùkù mú fọ́tò ẹranko kan wá, kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú béárì funfun tí wọ́n yà ní Churchill wá. Ẹranko náà rù, ó dá dúró lórí ilẹ̀ tí kò ní yìnyín. Ó kọ ọ́ pé ebi ń pa á kú lọ nítorí pé ayé ti gbóná. Àmì ohùn pé, gírámà gún régé, mo bá fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. N kò bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé ebi ń pa á kú.

Ní oṣù kẹwàá tó tẹ̀ lé e, mo bá àwọn ayàfọ́tò kan lọ sí Churchill fúnra mi. Ìlú kékeré ni, létí Hudson Bay ní Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Kò sí títì tó so ó mọ́ ìlú mìíràn; ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú irin la fi ń débẹ̀. Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, àwọn béárì máa ń kóra jọ síbẹ̀, wọ́n ń retí kí omi òkun dì kí wọ́n lè lọ ṣọdẹ séèlì, ẹran omi tó jẹ́ oúnjẹ wọn gan-an. Amọ̀nà wa ṣàlàyé pé láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ nígbà ooru ni wọ́n ti ń gbé orí ilẹ̀, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan jẹ. Ọ̀rá ara wọn ni wọ́n fi ń gbé e. Béárì tó rù lásìkò yẹn lè jẹ́ arúgbó, ó lè jẹ́ aláìsàn, ó sì lè jẹ́ ebi ni lóòótọ́. Fọ́tò nìkan ò lè sọ.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń yà á. Inú mọ́tò ńlá kan tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi la wà, ibẹ̀ móoru, kọfí wà nílẹ̀. Bí béárì bá ti yọ, gbogbo wa á dà sí ojú fèrèsé. Mọ́tò mìíràn wà lẹ́yìn béárì náà; ẹni tó jókòó tì mí dúró jẹ́jẹ́ títí ẹranko náà fi rìn kọjá mọ́tò yẹn, kó tó tẹ kámẹ́rà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbé délé ni béárì kan ṣoṣo nínú aginjù tí èèyàn ò dé rí. Ẹ gbọ́ ná, àwa bí ogún la wà níbẹ̀! Lẹ́ńsì ò purọ́. Àwa tó di kámẹ́rà mú la bu ọ̀rọ̀ kù. Nínú gbogbo èyí tí mo yà, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí béárì kan ti dìde dúró tó ń gbóòórùn táyà wa. Kò rẹwà tó ìyókù, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tí mo wà.

Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nìkan ló ń jìn sí kòtò yìí. Ní 2017, Paul Nicklen àti Cristina Mittermeier, àwọn ayàfọ́tò tó lórúkọ, ya fídíò béárì kan tó ti gbẹ tán ní erékùṣù Somerset, ní Nunavut. Nígbà tí National Geographic gbé e jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i so ìyà béárì náà mọ́ ìyípadà ojú ọjọ́ tààrà. Ní 2018, Mittermeier fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yẹn pé àwọn ò lè sọ pé ohun tó fa ebi béárì yẹn nìyẹn. National Geographic náà gbà pé àwọn sọ ọ́ kọjá ibi tó yẹ. Ewu àsọdùn nìyí: ó ń kó òkò fún ẹni tó fẹ́ jiyàn òtítọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá (1966) mọ̀ pé ọdẹ kì í ki ẹranko bí ẹni tó kàn rí ẹwà rẹ̀. Ìṣe ẹranko náà ló ń sọ. Bí ó bá sì ṣì í kì, òǹjálá mìíràn á ta kò ó lójú agbo. Ta ló ń ta ko àwa tí à ń kọ̀wé sábẹ́ fọ́tò? Ohun tí mo fẹ́ kí lámèyítọ́ máa béèrè kò pọ̀: Ìgbà wo ni? Níbo ni? Ibo ni ayàfọ́tò dúró sí? Èwo lojú rí, èwo ni ọkàn fi kún un? “Ó rù” lojú rí. “Ebi ń pa á kú lọ” lọkàn fi kún un.

Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. N kò yọ máàkì kankan, torí èmi olùkọ́ ni mo jẹ̀bi. Nígbà tí mo ní ká tún un kọ, ó ní, “Ṣùgbọ́n sà, kò ní dun ẹnikẹ́ni mọ́.” Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. A jókòó, a wá a, a kọ ọ́ báyìí: “Béárì yìí rù. Yìnyín tó fi ń ṣọdẹ ò tíì dì, ó sì ń pẹ́ kó tó dì ju ti àtijọ́ lọ. Ní ìwọ̀-oòrùn Hudson Bay, ìṣirò fi béárì sí 842 ní 2016, ó fi í sí 618 ní 2021.”

Ó kà á sókè fún kíláàsì. Kẹ́kẹ́ pa.