Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Tó To Òfin Bí Igi
Ẹni tó wá kẹ́ńtè lọ sí ọjà Kejetia ní Kumasi kì í ya gbogbo ìsọ̀ wò. Ìlà aláṣọ ló máa kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè oníkẹ́ńtè.

Irú ọgbọ́n tó wú mi lórí nínú ètò kọ̀ǹpútà nìyẹn. Rubi, ètò kọ̀ǹpútà tí Albert Rich ṣe, ní òfin tó lé ní 6,700 fún ṣíṣe íńtígírà nínú ìṣirò. Bí ìṣirò bá jẹ́ x², òfin rẹ̀ ní kí a fi 1 kún 2 orí x, kí a sì fi èsì rẹ̀ pín in: x³/3. Ṣùgbọ́n báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń tètè rí òfin náà? MatchPy, ètò mìíràn tí Manuel Krebber kọ, to irú òfin bẹ́ẹ̀ bí igi: ohun tí ọ̀pọ̀ òfin jọ ní, ẹ̀ẹ̀kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdáhùn kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti kúrò ńlẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni!