Ọmọlangidi tí kò sọ̀rọ̀: èrò mi lórí Mwathirika

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Síbẹ̀, eré tí kò ní gbólóhùn kankan nínú ni mo fẹ́ wò lónìí.

Mwathirika ni orúkọ rẹ̀. Papermoon Puppet Theatre, ẹgbẹ́ elérè ọmọlangidi tí Maria Tri Sulistyani dá sílẹ̀ ní Yogyakarta, ní Indonésíà, ló gbé e jáde ní 2010. Ọ̀rọ̀ 1965 ni, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn Kọ́múníìsì kàn. Iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń dá ni pé ó kéré tán, 500,000 èèyàn ló kú. Nínú eré náà, àmì onígun mẹ́ta pupa yọ lójú fèrèsé ilé kan, wọ́n mú Baba lọ, ó wá ku àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Moyo àti Tupu.

Èdè Swahili ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Moyo ni ọkàn, tupu ni òfìfo, mwathirika sì ni ẹni tí aburú ṣẹlẹ̀ sí. Baba ò nílò ìtumọ̀ fún ọmọ Yorùbá.

Ẹnì kan lè ní ìbẹ̀rù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Èmi ò gbà. Nínú wayang, eré òjìji ọmọlangidi àwọn Jáfà, dalang kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọmọlangidi, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìjọba Suharto náà sọ ara rẹ̀ di dalang. Ó ṣe fíìmù kan lórí 1965, tó jáde ní 1984, ọdọọdún ló sì ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n títí Suharto fi kúrò lórí oyè ní 1998. Ẹnu kan ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú, àti alààyè àti òkú. Ṣé ẹ wá rí i? Papermoon yọ dalang kúrò. Àwọn tó ń mú ọmọlangidi rìn dúró gbangba lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gba ọ̀rọ̀ sọ fún un.

Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1998, tí kò gbọ́ nǹkan kan nílé, lè wò ó tán kó má mọ ẹni tó pa ta ni. Orúkọ Swahili tún gbé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sílé.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ojú Tupu sọ púpọ̀. Àmọ́ tí iná ìtàgé bá kú, ó yẹ kí ẹni tó mọ orúkọ àwọn òkú náà lanu, kó dárúkọ wọn fún ọmọ rẹ̀.