Ta Ni Ó Ni Ìbàdí? Àgbéyẹ̀wò Ipò Ọkùnrin Nínú Ijó Ìkùn Ilẹ̀ Íjíbítì

Bí a bá dárúkọ ijó ìkùn, obìnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ojú inú rí: obìnrin tí ó wọ aṣọ dídán, tí ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìbàdí, tí ó sì ń mi ìdí bí onílù ti ń darí rẹ̀. Bí ọkùnrin bá bọ́ sí agbo ijó kan náà, ariwo a sọ. Àwọn kan a ní ó ti sọ ara rẹ̀ di obìnrin. Àwọn mìíràn a ní ó kó àbùkù bá ìdílé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí ijó yìí ti lókìkí jù lọ, orúkọ tí wọ́n ń pe ọkùnrin oníjó láyé àtijọ́, èyí ni ‘khawal’, ti di èébú tí ọmọlúwàbí kì í sọ síta. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí ó sábà máa ń jáde ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a nílé ayé, pé obìnrin nìkan ni ó ni ijó náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti yẹ irú èsì bẹ́ẹ̀ wò, kí ó má baà jẹ́ pé àṣà àná ni a ń pè ní àṣà ìwáṣẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Edward Lane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ìlú Kaíró, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1836 lórí ìṣe àti àṣà àwọn ará Íjíbítì. Nínú rẹ̀, ó ṣàlàyé pé oríṣi oníjó méjì ni ó wà níta gbangba: àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní ‘ghawazi’, àti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní ‘khawal’. Ó ní ijó kan náà ni àwọn méjèèjì ń jó. Àwọn ọkùnrin náà dá irun sí, wọ́n sì dì í. Wọ́n lé tìróò, wọ́n lé làálì sọ́wọ́. Aṣọ wọn sì jẹ́ àdàpọ̀ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ Lane ni ìdí tí àwọn kan fi ń pè wọ́n sí òde ìnáwó. Ó ní lójú àwọn wọ̀nyí, kò sí ohun tí ó burú nínú ijó náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí obìnrin máa fi ara hàn níta. Nítorí náà, ọkùnrin ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Èèwọ̀ wà nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú obìnrin ni ó kọ sí. Ọkùnrin ni ó wá jẹ́ àtúnṣe. Nígbà tí Muhammad Ali Pasha, aláṣẹ ilẹ̀ náà, fi òfin lé àwọn ghawazi kúrò ní Kaíró ní ọdún 1834, tí wọ́n sì darí wọn sí àwọn ìlú apá gúúsù bí Esna, Qena àti Aswan, àyè túbọ̀ gba àwọn khawal. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi òòbẹ̀ ṣẹbọ kò lè padà wá sọ pé òòbẹ̀ kò wọ inú igbó ẹbọ rí.

Irú rẹ̀ wà ní ìjọba Ọ́tómánì. Ní Istanbul, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oníjó tí a mọ̀ sí ‘köçek’ jó ní ààfin Sọ́táànì àti ní ilé ọtí, kí ìjọba tó fi òfin dè wọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Níhìn-ín, ó yẹ kí àwọn tí ń gbèjà ọkùnrin oníjó náà ṣọ́ra. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn köçek ní iṣẹ́ yìí, ojú tí àwọn oníbàárà sì fi ń wò wọ́n kò mọ́. Pé ohun kan ti pẹ́ kò sọ ọ́ di mímọ́. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn kò ju pé ìbàdí ọkùnrin kì í ṣe àlejò nínú ijó náà.

Báwo wá ni àlejò ṣe di onílé, tí onílé sì di àlejò? Ojú àwọn òyìnbó wà lára ohun tí ó fà á. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá wò, obìnrin ni wọ́n sì ń ròyìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1893, ijó àwọn obìnrin ní ‘Òpópónà Kaíró’ ni ó gba ẹnu kan. Ní ọdún 1926, Badia Masabni ṣí gbọ̀ngàn ijó rẹ̀ ní Kaíró. Ibẹ̀ ni Tahia Carioca àti Samia Gamal ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kí sinimá tó gbé wọn kiri gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Bí àwòrán obìnrin ti ń tàn ni ti ọkùnrin ń ṣá.

Lẹ́yìn náà ni Mahmoud Reda dé. Ọkùnrin yìí ti ṣojú Íjíbítì nínú eré ìdárayá ìtàkìtì ní Òlíńpíìkì Helsinki ní ọdún 1952. Ní ọdún 1959, òun, Ali ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Farida Fahmy dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀. Oore tí ẹgbẹ́ náà ṣe kò kéré. Nígbà tí wọ́n ń pe oníjó ní aláìníláárí, Reda mú ọmọ ilé ìwé àti ọmọ ilé rere wá sórí ìtàgé. Bàbá Farida pàápàá, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá. Ṣùgbọ́n bí a bá wo sinimá wọn ‘Gharam fi al-Karnak’ ti ọdún 1967, a ó rí iye tí wọ́n san fún ọ̀wọ̀ yìí. Ọkùnrin ń fò, ó ń na àyà, ó ń fi agbára rìn. Obìnrin ni a fi ìbàdí sílẹ̀ fún. A pààlà sí àárín ohun tí Lane rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan ṣoṣo, a sì pe ààlà náà ní àṣà ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Reda fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣètò ijó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ó tó kú ní ọdún 2020, ó ti kọ́ àìmọye obìnrin ní ijó yìí káàkiri ayé. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà kò lè júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ara ọkùnrin tí ó mọ ijó náà ni ó kọ́ni, síbẹ̀ kò fi í han ayé lára àwọn ọkùnrin rẹ̀.

Tito Seif, ọmọ Íjíbítì kan náà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó wọ jàlàbíà ọkùnrin, ó so ọ̀já mọ́ ìbàdí, ó sì jó ohun tí ìlù bá sọ. Kò ṣe bí obìnrin, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó gbà pé ọkùnrin ni òun. Ijó rẹ̀ fi hàn pé ìbàdí kò ní akọ tàbí abo. Aṣọ, ìṣesí àti ojú òǹwòran ni ó ń fún un ní ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Ijó ìkùn àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò bára tan, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó ń ro aṣọ obìnrin, tí ó ń so ọmú tí a gbẹ́ mọ́ àyà láti fi bọlá fún àwọn ìyá wa. Kò sí ẹni tí ó ń pè é ní abo. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó pamọ́ lára wọn ni pé àwùjọ mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwùjọ tí ó bá gbàgbé ìtumọ̀ ijó ni ó máa ń fi èébú dí àlàfo náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ kò ṣòro. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan bá mi ìdí níbi ìdánrawò ijó, tí kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan sì ní ‘obìnrin ni ọ́’, ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ó lè bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ọmọ náà má jó mọ́ láéláé. Ó sì lè sọ ìtàn àwọn khawal, ti köçek àti ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún wọn, kí ó ní kí onílù máa lù ú lọ.