Ògidì àbí Àìlábùlà? Lórí Títúmọ̀ “Pureté” Nínú Àyẹ̀wò DNA

Ní Glazoué, ADN ni ilé-ìwé Faransé kọ́ wa. Ní Nàìjíríà, DNA ni. Ìyẹn kò fa wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó le ni pureté. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, mẹ́ta ló ń sáré wá sẹ́nu: mímọ́, ògidì àti àìlábùlà. Èrò mi ni pé ògidì ló léwu jù nínú wọn, ewu náà kò sì mọ sórí èdè nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àyẹ̀wò náà. Wọ́n á tan ìtànṣán ultraviolet gba inú omi tí DNA wà nínú rẹ̀. DNA máa ń fa ìtànṣán yìí mu gan-an ní nánómítà 260, purotéènì ní 280. Wọ́n á fi iye ti 280 pín iye ti 260. Bí èsì bá wà ní nǹkan bí 1.8, wọ́n á ní ó dára. Ṣùgbọ́n RNA náà ń fa ìtànṣán mu ní 260, nítorí náà ó lè wà níbẹ̀ láìfura. Purotéènì pàápàá gbọ́dọ̀ pọ̀ kí èsì tó yí padà, gẹ́gẹ́ bí Glasel ti fi hàn ní 1995. Oje yíyọ̀ inú iṣu ńkọ́? Ní nánómítà 230 ni wọ́n ti ń wá irú rẹ̀.

Nígbà tí Warburg àti Christian lo ìwọ̀n yìí ní Jámánì ní 1942, purotéènì ni wọ́n ń wá. Èròjà irú DNA àti RNA ni àbùlà lójú wọn. Ohun tí à ń wá lónìí ni wọ́n kà sí ìdọ̀tí nígbà náà.

Mímọ́ kò ràn wá lọ́wọ́. Ní Dassa-Zoumè, níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń rìnrìn àjò ìsìn wá sí Arigbo, ọ̀rọ̀ ìsìn ni yóò kọ́kọ́ jọ létí. Ògidì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìran: a ń sọ pé “ògidì ọmọ Yorùbá”. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá sọ fún pé DNA Laboko rẹ̀ jẹ́ ògidì yóò gbà pé irú mìíràn kò wọ inú iṣu rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, Laboko, iṣu igbó, àti èyí tí a bí láàárín méjèèjì lè fún wa ní 1.8 bákan náà. Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kọ ọ́ ní 2019 pé láti ara iṣu igbó ni iṣu oko wa ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá kọ “ògidì” sórí èsì àyẹ̀wò ènìyàn ńkọ́, ní ìlú tí Ìdáàṣà àti Mahi jọ ń gbé? Ẹnì kan lè fi í ṣe ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀.

Àìlábùlà ni mo fara mọ́. Inú bù àti là ni àbùlà ti wá: ẹni tó bá pe ẹmu ní àbùlà gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí wọ́n bù là á. Nítorí náà, ká kọ ọ́ báyìí: “àbùlà purotéènì kò hàn nínú DNA yìí.” Ó gùn ju ògidì lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ju ohun tí ẹ̀rọ náà rí.