Àgbéyẹ̀wò Ètò Ẹ̀kọ́ Orin Ọ̀sẹ̀-Ọ̀sẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣètò ẹ̀kọ́ orin láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún Ìgógó, tí wọn kì í lu ìlù nínú rẹ̀, ni òṣùwọ̀n tí iṣẹ́ náà lò. Ó fi hàn pé àìtó ohun èlò nìkan kọ́ ni ìṣòro. Fífi àmì orin ṣáájú etí, àti àìka àsìkò ìlú sí, ni ó ń sọ ẹ̀kọ́ orin di àkọsórí lásán.

1.0 Ìfáárà

Ọ̀wọ̀ kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Imade College, ni ó kọ àbá tí ẹgbẹ́ Action Group fi gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ètò náà ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀ fún ọmọ mẹ̀kúnnù. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ìmọ̀ tí ọmọ yóò bá pàdé nígbà tí ó bá wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dáhùn apá kan ìbéèrè yìí láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà. Bí èdè abínibí bá lè gbé ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó yẹ kí àwọn onímọ̀ bi ara wọn léèrè ohun tí orin abínibí lè gbé.

2.0 Ipò Orin Nínú Ìwé Ètò Ẹ̀kọ́

Nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí àjọ NERDC ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2008, orin kò dá dúró. Abẹ́ ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọ̀nà ni ó wà, pẹ̀lú àwòrán yíyà, iṣẹ́ ọwọ́, eré oníṣe àti ijó. Àǹfààní wà nínú èyí, nítorí pé Yorùbá kì í ya orin nípa kúrò lára ijó àti eré. Ọmọ tí ó ń ṣeré òṣùpá ń kọrin, ó ń jó, ó sì ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ kò kéré. Táàmù kan kì í ju bí ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ, àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò sì ń gba èyí tí ó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kọ́ kíláàsì kan ní gbogbo iṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ orin bá dé tí kò dá a lójú, ojú pátákó ni yóò sá lọ. Yóò kọ oríkì orin, yóò to orúkọ ohun èlò lẹ́sẹẹsẹ, yóò ya àwòrán àmì orin, àwọn ọmọ yóò sì dà á kọ. Èyí rọrùn láti fi ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ọmọ lè gba máàkì gbogbo láìkọ orin kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù títí dé òpin rẹ̀.

3.0 Àmì Ṣáájú Etí

Zoltán Kodály, onímọ̀ orin ọmọ ilẹ̀ Hungary (1882–1967), tẹnu mọ́ ọn pé orin ìbílẹ̀ ọmọ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ohùn ọmọ ṣáájú ohun èlò, kí etí sì ṣáájú àmì. Ìlànà yìí bá ìmọ̀ Yorùbá mu, nítorí kò sí ẹni tí ó fi ìwé kọ́ ọmọ ayàn ní ìlù kí ó tó gbọ́ ọ.

Ọ̀ràn ohùn tilẹ̀ mú kí ó pọn dandan fún ọmọ Yorùbá. T.K.E. Phillips, nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so pọ̀ mọ́ra. Bí ohùn orin bá ta ko ohùn ọ̀rọ̀, ọkọ lè di ọkọ́, ọkọ́ sì lè di ọkọ̀. Ọmọ kíláàsì kẹta ti mọ èyí, nítorí pé olùkọ́ ti fi dò, re, mí kọ́ ọ ní àmì ohùn nígbà ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ó yani lẹ́nu pé bí àsìkò orin bá dé, wọn a tún máa kọ́ ọ ní do, re, mi bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kì í sì í mọ ara wọn nínú àkọsílẹ̀ olùkọ́ kan náà.

Lóòótọ́, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Àlàfo tí ó wà láàrin ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè nínú ọ̀rọ̀ kò dúró sójú kan bíi ti ohùn orin. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó yẹ kí ètò ọ̀sẹ̀ kan fi etí ọmọ hàn.

4.0 Ọdún Ìgógó Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Ìgógó ní Ọ̀wọ̀, fún ọjọ́ 17, ní ìrántí Ọ̀rọnṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ní gbogbo àsìkò náà, ìlù lílù jẹ́ èèwọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ọdún náà sì ti wá.

Oṣù kẹsàn-án yìí kan náà ni táàmù kìíní ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láti òkèèrè lè fi ìlù ìbílẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejì láìmọ̀ pé ìlú kan wà tí ìlù ti dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí olùkọ́ bá tẹ̀ lé e, ó ti kó ọmọ sínú èèwọ̀. Bí ó bá fò ó, ẹ̀kọ́ ìlù yóò di àdàkọ ojú pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó dára jù lọ wà níta ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọ ti lè gbọ́ ohun tí agogo nìkan lè ṣe nígbà tí kò sí ìlù tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

5.0 Àbá fún Táàmù Kìíní

Kí ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ ti orin tí ọmọ gbé wá láti ilé, ní ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀. Kí olùkọ́ kọ orúkọ orin náà sílẹ̀, àti iṣẹ́ tàbí eré tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta jẹ́ ti àtẹ́wọ́ àti agogo: kí apá kan kíláàsì di ìlù ẹsẹ̀ mú ṣinṣin, kí apá kejì lu òmíràn lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún, kí orin inú àlọ́ wọlé. Kí gbogbo ọmọ kọ́kọ́ gbe ègbè, kí wọ́n tó máa lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni ìlù yóò dé, nígbà tí èèwọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni kí ẹ̀kọ́ ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin pàdé, kí àmì orin sì gbẹ̀yìn.

Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ yí padà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ọmọ lè di ègbè mú nígbà tí lílé bá yí?

6.0 Àwọn Àtakò

Àwọn òbí kan lè rò pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ wọn wọ inú ìbọ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àsọdùn, nítorí náà kò pọn dandan kí orin ọdún wọ kíláàsì. Bí agogo ṣe ń di ìlà orin mú ni ẹ̀kọ́. Bí ìlù tàbí orin kan bá sì jẹ́ ti àwọn olóyè nìkan, kí olùkọ́ bi àgbà léèrè kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Àtakò kejì lágbára jù. Ìgógó kì í ṣe ọdún Ìfọ̀n tàbí Ìdó-Ànì, àwọn ọmọ tí òbí wọn wá dáko láti ibòmíràn sì wà ní kíláàsì. Bí wọ́n bá gbé ètò Ọ̀wọ̀ lé Ọ̀sẹ́ lórí, àṣìṣe tí wọ́n bá wí ni wọ́n tún ṣe. Nítorí náà, ọ̀nà ìṣètò ni iṣẹ́ yìí dábàá, kì í ṣe àtẹ kan fún gbogbo ìlú. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mọ àsìkò ìlú tí ó wà kí ó tó kọ ọ̀sẹ̀ kìíní, kí orin ọmọ àtìpó sì ní àyè láàrin àwọn tí kíláàsì yóò kọ.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ti gbọ́ orin kí ó tó mọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ètò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ ṣófo, yóò gbà pé ohun tí òun mọ̀ kì í ṣe ìmọ̀, yóò sì pa orin ilé rẹ̀ tì kí ó tó dàgbà láti kọ́ ọmọ tirẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ níṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ìlànà náà tò.