Òwe Ọ̀pálábà, Ìlù Saworoidẹ

Ẹni tí ó bá dúró ní Costain tí ó kọjú sí Ìgánmú kò ní ṣàì rí Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ ilẹ̀ wa. Ìjọba ológun ni ó kọ́ ọ fún àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977, ìrísí rẹ̀ sì jọ fìlà ọ̀gá ṣọ́jà. Ní ọdún 2024, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ìjọba ológun ti fi sẹ́wọ̀n rí, sọ ilé náà. Orúkọ yí padà. Fìlà kò yí padà.

Àdúgbò yìí ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ wo Saworoidẹ, sinimá àgbéléwò tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, tí ó jáde ní ọdún 1999. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà. Ilé aládùúgbò wa kan tí ó ní ẹ̀rọ fídíò ni a kóra jọ sí. Nígbà tí ìlù dún, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Lágàta, tí ó sì ṣubú, a hó yèè. Ikú Ọ̀gágun Sani Abacha ní oṣù kẹfà ọdún 1998 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà inú yàrá náà. Ariwo tiwọn ju ti àwa ọmọdé lọ.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ní ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàrin ọba àti ará ìlú. Adé idẹ ni àmì májẹ̀mú náà lórí ọba. Ìlù tí a so saworo idẹ mọ́ ni àmì rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, gorí oyè, ṣùgbọ́n ó kọ ètùtù tí ì bá so ó mọ́ májẹ̀mú, nítorí owó ni ó bá wá. Àwọn oníṣòwò gẹdú ń gé igbó Jogbo, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ààfin. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fárígá, ó ké sí ṣọ́jà. Lágàta, tí Kúnlé Bámtẹ́fá ṣe, dé bí olùgbàlà, ó sì gba ìtẹ́ fún ara rẹ̀.

Kò ṣòro láti rí Nàìjíríà nínú èyí. Lápité ni olóṣèlú olójúkòkòrò, Lágàta ni ológun, gẹdú sì dúró fún epo rọ̀bì ilẹ̀ Niger Delta, níbi tí ìjà lórí ilẹ̀ àti epo ti gbé Ken Saro-Wiwa dé ìdí okùn ní ọdún 1995. N kò bá ìtumọ̀ yìí jà. Àbùkù rẹ̀ ni pé olè nìkan ni ó ń dá lẹ́bi, ó sì ń jẹ́ kí àwa òǹwòran àti aṣelámèyítọ́ mú ara wa kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tún Ọ̀pálábà wò.

Adébáyọ̀ Fálétí ni ó ṣe Ọ̀pálábà, bàbá arúgbó tí kì í jìnnà sí ààfin, tí ojú rẹ̀ tó ohun gbogbo, tí ó ń fi òwe àti àṣamọ̀ sọ òtítọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Àwa onímọ̀ ni a fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé ó jọ wá. Ṣùgbọ́n kí ni òwe rẹ̀ dá dúró? Lápité gbọ́, àwọn ìjòyè gbọ́, igi gẹdú ṣì ń wó. N kò sọ pé Ọ̀pálábà kò wúlò. Ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òtítọ́ kú ní Jogbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé ààfin lè gba òtítọ́ mọ́ra níwọ̀n ìgbà tí ó bá dùn ún gbọ́.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti ṣe é. Ní ìpàdé kan, ní ibi iṣẹ́ tí n kò ní dárúkọ, wọ́n dábàá pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ra ìwé kan kò ní gba máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ni. Mo dìde, mo ní, ‘Ọ̀kánjúà ni baba àrùn.’ Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní, ‘Dókítà wa, o káre, ọmọ Yorùbá ni ọ́.’ Mo jókòó, wọ́n fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò rí owó náà san tún iṣẹ́ náà ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo fi Saworoidẹ han kíláàsì mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọ̀pálábà. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́.

Ìlù yàtọ̀ sí òwe. A ti dá májẹ̀mú rẹ̀ kí ọba tó gorí oyè. Kò sí ní ìkáwọ́ ọba. Ó sì nílò ẹni tí yóò lù ú ní ojú ewu. Ìlànà tí ó lè de alágbára ni, kì í ṣe inú rere lásán. Agogo Èèwọ̀, tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2002, fi èyí múlẹ̀. Adébọ̀ṣipò, ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì, jẹ́ ọba rere, síbẹ̀ ìwà rere rẹ̀ nìkan kò tó. Àfi kí àwọn ìjòyè búra.

Níbi yìí ni mo ti ń bá àwọn sinimá méjèèjì jiyàn. Agbára àìrí ni ó ń parí ẹjọ́ nínú wọn, òǹwòran a sì dìde láìjẹ gbèsè kankan. Àwa náà ní ìbúra: ó wà nínú Àfikún Keje ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Lápité kọ ètùtù nítorí pé ó gbà pé ó lè pa òun. Lápité òde òní kì í kọ̀; yóò gbé Bíbélì tàbí Kùránì sókè, yóò búra geere, orí kò sì ní fọ́ ọ. A ní adé, a ní ìbúra. Saworo ni a kò ní, nítorí pé àwa tí ó yẹ kí a lù ú ń pa òwe.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìpàdé ọjọ́ náà pé kí wọ́n fagi lé ìpinnu yẹn, mo sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ náà. N kò tíì rí èsì gbà. Kò sí òwe kankan nínú lẹ́tà náà.